Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Ló Fi Ń Lọ Sójú Oorun

Aago méjì ọ̀sán ku díẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn. Orí fóònù ni. Mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti ti ilẹ̀kùn, mo sì gbé ife omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé oògùn kíkorò mì. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mọ́kànlá, mo sì ti pinnu pé ọjọ́ náà ni màá sọ ọ́.

A kí ara wa. Ó béèrè eékún mi, mo ní eékún ń ké. Mo béèrè àyà rẹ̀, ó ní àyà wà níbi tí wọ́n fi sí. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn?"

"Ó gùn díẹ̀."

"Jẹ́ kí n rẹjú ná, Àbúrò. Ojú mi ti ń wúwo. Màá pè ọ́ padà."

Mo ní kò burú. Inú mi tiẹ̀ dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ "rẹjú" lẹ́nu rẹ̀. Mo jókòó ti fóònù. Nígbà tí yóò fi dún, aago márùn-ún ti fẹ́ lù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pè mí, ẹkún ló sì fi pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, lójú oorun ọ̀sán, lórí àga rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí ikùn.

Ọdún kan ààbọ̀ péré ni ó fi ju mí lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí mo bá fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, á wẹ̀yìn wò, á ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé èmi méjì ni mo dúró síbí ni?" Bẹ́ẹ̀ ni "ìwọ" ṣe wọ àárín wa, tí kò sì jáde mọ́. Ṣùgbọ́n "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè é títí dọjọ́ ikú. Ìyẹn ni kò ṣeé fọwọ́ rọ́.

Ìyá wa máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń di ìyá ilé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó ti ń gbálẹ̀, ó ti ń di irun mi, ó ti ń bú mi bí àgbàlagbà. Ọ̀sán nìkan ló ń rí fún ara rẹ̀. Tó bá ti jẹun tán, á na ara rẹ̀ sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí n máa ṣeré, kí n sì máa pariwo. Àní kí n máa pariwo! Bí mo bá ń lu agolo, tí mo ń kọrin, oorun rẹ̀ á máa lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ojú rẹ̀ ti là nìyẹn. Ó ní ọmọ tó bá dákẹ́, nǹkan ló ń bà jẹ́. Ọjọ́ kan ló jí bá mi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo ti gé irun tó dì fún mi lápá kan dànù. Láti ìgbà náà ni etí rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ yìí: ariwo kì í jí i, ìdákẹ́jẹ́ ni í jí i.

Nígbà tí a dàgbà, tí a ti lọ́kọ, tí a ti bímọ, a tún jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún ní ilé ìfọṣọ kan tó ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn. Abẹ́ ilé ni yàrá wa wà. Fèrèsé rẹ̀ ga, kò sì fẹ̀ ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà nìkan là ń rí. A mọ àwọn dókítà láti ara bàtà wọn. A mọ èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú, a mọ èyí tó ń dá gbé.

Mẹ́ta ni wá. Ọkùnrin kan wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí a ń pè ní Ọkọ Ọṣẹ, nítorí bí èèyàn bá kan ọṣẹ rẹ̀, ìjà dé. Èmi ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ, mo ń kó aṣọ tútù sínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, mo sì ń ká èyí tó gbẹ. Ẹ̀rọ yẹn ní ikùn ràgàjì, ó sì máa ń kùn bí àgbàlagbà tí wọn ò tíì fún lóúnjẹ, a sọ ọ́ ní Oníkùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ aṣọ. Á fi ìka bọ omi, á fi kan ìdí áyọ́ọ̀nù, á gbọ́ bí ó ṣe dún "ṣìì", á sì mọ aṣọ tó tọ́ sí iná náà. Kóòtù dókítà tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á dúró gbọin bí ẹni tó ń gbéraga.

Lójoojúmọ́, tí a bá ti jẹun ọ̀sán, màá kó ẹrù ìkẹyìn ti àárọ̀ sínú Oníkùn, màá yí aago iwájú rẹ̀ sí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi á yọ wáyà áyọ́ọ̀nù, á wọ yàrá kékeré tí a ń kó aṣọ mímọ́ sí, á sì tẹ́ ara rẹ̀ sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn kúbùsù. Ogún ìṣẹ́jú ni Oníkùn á fi yí, tí á máa kùn. Bó bá ti dákẹ́, kí n tó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹ̀yìn mi, ojú ìrán kúbùsù ti hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkọ Ọṣẹ á ní, "Ẹ wò ó, aṣọ tí wọn ò tíì lọ ti dé o!"

"Bó o bá fẹ́ kí n lọ tìẹ mọ́ ọn, gbé ojú wá."

"Ẹ kú oorun, Ìyá."

"Ta ló sùn?"

"Ẹ̀yin kọ́? Kí wá lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo rẹjú."

Ọkọ Ọṣẹ á kígbe, "Kí ni ìyàtọ̀?" Ó mọ ìyàtọ̀ o, ó ti gbọ́ ọ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ó kàn fẹ́ràn kó máa sọ ọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé ọwọ́ lé ìbàdí, á bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé e bí olùkọ́. Òògbé, ó ní, ìyẹn olè ni. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó wọlé. Orí àga ló ti ń bá èèyàn, á máa gbá a lórí síwá-sẹ́yìn, á tú u síta fún aráyé wò. Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, ara ló ń ro ó, ojú rẹ̀ lè máa wo òkè. Ẹni tó sùn, ó ti fi ilé sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì ní oorun gbé èèyàn lọ, kí a káàánú rẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n gbé kò mọ ọ̀nà padà. "Ṣùgbọ́n èmi, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ. Mo mọ ibi tí mo gbà, mo mọ ibi tí màá gbà bọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní rírẹjú."

"Àwọn tó ń han-run ńkọ́?" ni Ọkọ Ọṣẹ á tún béèrè.

"Bí ìwọ. Àwọn yẹn wọ mọ́tò lọ ni, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ló ń dún."

Nítorí náà, nínú ilé ìfọṣọ wa, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ń sùn. Bí wọ́n bá ti wọ́ọ̀dù kan pè é, a ó ní, "Ó wà nídìí pẹpẹ." Irọ́ ha ni? Ó kúkú wà nídìí pẹpẹ.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ibà dá ọkọ rẹ̀ wólẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ kápẹ́ńtà, ọkùnrin tó lágbára, irú wọn kì í mọ bí a ti ń ṣàìsàn. Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń rọ omi tútù sí i lórí. Ní ọjọ́ kẹfà tó wọlé wá síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó fi bọ́tìnnì bùláòsì rẹ̀ bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó lọ sórí pẹpẹ lọ́sàn-án, mo yọjú wò ó: ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó dàbí ọmọdé.

Oníkùn ń yí. Mo wo aago iwájú rẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú méjì. Mo rò ó pé, tí Oníkùn bá dákẹ́, á dìde. Bí kò bá dákẹ́, kò ní dìde. Ohun tí mo rò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo na ọwọ́, mo yí aago náà padà sí ogún. Nígbà tí ogún tún fẹ́ pé, mo tún yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá tuntun kan ti dé bá wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò burú, kì í jágbe. Òfin kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́: a ò gbọ́dọ̀ gbẹ aṣọ kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, nítorí aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn ti ń gbó kí ọjọ́ tó pé. Ó lẹ òfin náà mọ́ ara Oníkùn gan-an. Níwájú òfin náà ni mo dúró sí tí mo ń yí aago.

Ọkọ Ọṣẹ ti lọ gba ọṣẹ. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wọlé tó ń wá kóòtù àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Kóòtù náà wà lórí tábìlì, a ò tíì lọ ọ́. Ó wo áyọ́ọ̀nù, ó tutù. Ó ní, "Ọ̀gá Áyọ́ọ̀nù dà?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ó wà nídìí pẹpẹ, sà." Ó lọ wò.

Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Màmá. Màmá, ṣé ara yín yá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ta gìrì. Ó wo ojú ọ̀gá, ó wo aago ara ògiri. Aago kan ti kọjá, ó ti yẹ kó ti dìde tipẹ́. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó gbọ́ Oníkùn tó ń yí, mo sì rí ohun tó wá sí i lọ́kàn bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé ńlá: ó gbà pé ẹrù ọ̀sán ló ti wà nínú Oníkùn, pé ti àárọ̀ ti gbẹ, Oníkùn ti dákẹ́, òun ò sì gbọ́.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìgbà wo lẹ kó ti àárọ̀ jáde?"

Ojú mi lọ síbi òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Mo ní, "Ó ti pẹ́, sà."

Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kí ẹ̀gbọ́n mi rọra, kó mu omi. Ó ní òun á bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀, ó sì jáde. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí ó bá bú u, ì bá sàn. Ẹ̀gbọ́n mi mọ bí a ti ń dá èébú padà. Ṣùgbọ́n ó pè é ní Màmá, ó sì fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ bọ́jú, mo ṣí Oníkùn. Aṣọ ìbùsùn méjìlá, ooru ti pa àwọ̀ gbogbo wọn dà, wọ́n ti le bí páálí. Mo ká wọn, mo yí ibi tó funfun síta, mo sì kó wọn sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, a kọjá afárá. Ó wá ní, "Àbúrò, oorun gbé mi lọ."

"Ó rẹ̀ ọ́ ni. Ìwọ tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti ọjọ́ márùn-ún?"

"Ó ti ń rẹ̀ mí láti ogún ọdún, mo sì ń gbọ́ nígbà tó bá dákẹ́. Etí mi ló ti ń kú." Ó tún rìn díẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé mi ò yọ wáyà ńkọ́? Bí áyọ́ọ̀nù yẹn bá wà lórí aṣọ ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ ò lè jí i mọ́, kò yẹ kó di iná mú."

Mo rò ó lọ́kàn pé tí mo bá sọ ọ́, á lọ sọ fún ọ̀gá, nítorí kò lè gbé irọ́ sínú. Ọ̀gá á sì lé mi. Mo ní ó dọ̀la. Lọ́jọ́ kejì Ọkọ Ọṣẹ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ibà ọkọ rẹ̀ lọ sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, mo ní kí n má bà á jẹ́. Nígbà tí oṣù parí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ Ọṣẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ó ní, "Rárá, ọmọ mi, o ti rí mi."

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Lẹ́yìn tí ọ̀gá náà ti gbé ibòmíràn lọ, tí kò sí ohun tó kù láti bẹ̀rù, ìtìjú ti gba àyè rẹ̀. Irọ́ kò yàtọ̀ sí àbààwọ́n: bí o kò bá fọ̀ ọ́ nígbà tó tutù, ooru á mú un wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ ń gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń bá a wo ọmọ. Láti ìgbà náà kò rẹjú mọ́. Ó ní òun ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ pẹ̀lú etí tó ti kú. Àga onígi líle kan ló máa ń jókòó lé, nítorí pé tìmùtìmù ń tan èèyàn. Mo lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a lórí àga náà, òògbé ń gbá a lórí síwá-sẹ́yìn, òun tó máa ń pe òògbé ní olè. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ó ń kọrin pé, "Màmá àgbà ń sùn! Màmá àgbà ń sùn!"

Tẹ́lẹ̀, á ti ní, "Ta ló sùn?" Lọ́jọ́ náà, ó dìde, ó lọ bu omi sójú, ó padà wá jókòó, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bí o ṣe dé. Bá mi sọ̀rọ̀, kí n má bàa lọ."

Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ ọjà, mo sọ̀rọ̀ eékún, mo sọ bí Ọkọ Ọṣẹ ṣe fẹ́ ìyàwó mìíràn tó sì ń fi ọṣẹ pamọ́ fún òun náà. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè, bí ẹni tó ń béèrè nǹkan tí kò jọ ọ́ lójú, "Oníkùn yẹn, tó bá fẹ́ dákẹ́, ṣé ó máa ń rọra dín kù ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dákẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ló wí. Ó mi orí. "Ó yẹ kí n gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n mi. Ọmọ náà da omi nù, a dìde láti nù ún, a ò sì padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Lẹ́yìn tí a sìnkú tán, èmi àti ọmọ rẹ̀ jókòó nínú yàrá rẹ̀ láti palẹ̀ mọ́. Aago mẹ́ta ló wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga: ńlá kan, kékeré kan, àti èyí tí wọ́n fi ike ṣe. Ọmọ náà ní dókítà ló pàṣẹ láti oṣù kan pé kí ìyá òun máa sinmi lọ́sàn-án nítorí àyà rẹ̀. Ìyá òun kọ̀, kọ̀, kọ̀, kó tó gbà, ó sì ní àfi tí òun bá to aago mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dún nígbà tí mo wọlé, Àǹtí. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé dókítà yẹn wo etí wọn. Ó ní etí wọn dá ṣáṣá, bí etí ọmọdé. Màmá ní irọ́ ló ń pa, pé àwọn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ àwọn. Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti ibà bàbá rẹ̀, mo sọ bí mo ṣe yí aago lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ ohun tí mo dá ọ̀gá lóhùn, mo sọ aṣọ ìbùsùn méjìlá. Ó gbọ́ mi tán. Kò bínú, tàbí kó jẹ́ pé kò fi hàn mí. Aṣọ ìyá rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Ó wá ní, "Màmá ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún, Àǹtí. Kì í ṣe èmi."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò sì sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kú, ó ṣì gbà pé etí òun ló já òun kulẹ̀.